Ìyá Tó Lé Èéfín Jáde Nílé

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tó ń wúkọ́ wú u tán kó tó jókòó, nítorí ìtàn tí mo mú wá fún yín lónìí, ìtàn èémí ni. Èmi kì í sáré sọ̀rọ̀. Ní abúlé wa, wọ́n máa ń ní ẹni tó bá kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ahọ́n ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe ẹran. Nítorí náà ẹ ní sùúrù fún mi. Kò sí iwin nínú ìtàn yìí, kò sí ọba níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí mímí ń ni lára, àti ìyá àgbà kan tó fẹ́ràn ọmọ náà ju bí àyà ọmọ náà ṣe lè gbà lọ.

Kumasi ló ti ṣẹlẹ̀, nílẹ̀ Ghana, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Moshie Zongo, ní nǹkan bí ọdún 1990. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ìlọrin ti ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n ń ké kéwú, tí wọ́n ń bímọ. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àlejò lọ́dún 1969, ọ̀pọ̀ wọn di ẹrù sórí ọkọ̀, wọ́n forí lé ilé. Ìyá Àìṣátù ò lọ ní tirẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní ibi tí òun sin ọkọ òun sí kọ́ lòun máa fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́.

Tùràrí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá tó bí i ló ti kọ́ ọ nílé Ìlọrin. Á rẹ èérún igi olóòórùn sínú ṣúgà àti òróró dídùn, á sá a, á tún rẹ ẹ́, títí yóò fi di nǹkan tó jẹ́ pé bí o bá ṣí ìdérí rẹ̀, ará ilé kejì á bi ọ́ pé ta ló ń gbéyàwó. Bí obìnrin kan bá sì bímọ ní Zongo, kí wọ́n tó wẹ ọmọ tán, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ìyá Àìṣátù. Á gbé ìkòkò tùràrí dé, á fọ́n tùràrí sórí ẹyin iná, á da agbọ̀n bò ó, á wá sá aṣọ ọmọ sórí agbọ̀n náà títí èéfín dídùn yẹn á fi wọnú òwú.

Bí àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ máa rín in lọ. Ọmọ tí kò bá ta sánsán, màlékà á rò pé ọmọ ewúrẹ́ ni, á sì kọjá lọ."

Sànúsí ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí; Àìṣátù tí wọ́n ń pè é, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni. Àwo ló ń tà lọ́jà. Nímátù ni ìyàwó rẹ̀, Kumasi yẹn náà ni wọ́n bí i sí, Ìyá Àìṣátù náà ló sì fi tùràrí gbà á sáyé. Oyún Nímátù wọ oṣù keje, wọn ò tíì máa ka ọjọ́, ọmọ bá kù gìrì, ó jáde. Ilé ìwòsàn kan tó wà lọ́nà Bantama ni wọ́n gbé e lọ. Ọkùnrin ni, ó kéré bí ọmọ ológbò tí ojú rẹ̀ ò tíì là. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì tó móoru, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín bọ imú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé sí i lára. Sàláhúdéènì ni wọ́n sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Àìṣátù ń lọ dúró lẹ́yìn gíláàsì náà, tó ń mí sókè sódò, àfi bí ẹni pé òun ló ń bá ọmọ náà mí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yọ rọ́bà náà. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, tí ọmọ ti tóbi tó ohun tí a lè gbé sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ pe ìyá àgbà àti ìyàwó jókòó. Evelyn lorúkọ nọ́ọ̀sì náà. Ọmọ Yorùbá ni, ará Dichemso ní Kumasi níbẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wọ́n sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ghana ni wọ́n bí i sí, nítorí náà Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ lára Twi, èdè àwọn ará ibẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbọ́ o," ló wí. "Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí ò tíì gbó nígbà tó jáde. Ẹ wò ó bí ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀ tí òjò fi dé bá a. Ó ti yè, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ á máa yọ ọ́ lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Mepa mo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, èéfín ò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti igi o, ti sìgá o, èyíkéyìí. Èéfín lè pa á."

Ìyá Àìṣátù fọwọ́ lu àyà. "O ti sọ ọ́ sétí ẹni tó gbọ́. Bí èéfín bá wọlé wa lẹ́yìn òní, kí wọ́n pè mí ní ẹlẹ́tàn, kí n sì jẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò purọ́. Bó ṣe délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yaw ló kọ́kọ́ bá, aránṣọ kan, ọmọ Àṣáńtì, tó háyà yàrá ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, sìgá wà lẹ́nu rẹ̀.

"Yaw, gbé iná ẹnu rẹ yẹn jáde."

"Ah, Maame! Ṣebí ẹnu ọ̀nà ni mo wà."

"Ẹnu ọ̀nà náà, inú ilé ni. Èéfín kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé."

Yaw pa sìgá rẹ̀. Ìyá kọjá sínú àgbàlá, ó dé ọ̀dọ̀ Tàíbátù. Opó ni Tàíbátù, kóṣé, ìyẹn àkàrà, ló ń dín láràárọ̀ lórí iná igi, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé Nímátù gan-an.

"Tàíbátù, gbé iná rẹ lọ sẹ́yìn ògiri."

"Ẹ̀yìn ògiri wo, Ìyá? Ibi tí àgbò ń tọ̀ sí?"

"Àgbò ò ní jẹ kóṣé rẹ. Àgbò mọ ohun tó dùn."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Tàíbátù nìkan ni kò rín in. "Haba! Ibí yìí ni mo ti ń dín kóṣé kí Sànúsí tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò. Ìjọba lé wa lọ́dún náà, èmi pẹ̀lú yín la jọ jókòó lé ẹrù wa tí a ní a ò lọ. Lónìí, ẹ̀yin lẹ wá ń lé mi tòun ti agbada mi?"

"Nítorí ọmọ ni."

"Mo gbọ́. Nítorí ọmọ." Tàíbátù gbé agbada, ó gbé àdògán, ó lọ sẹ́yìn ògiri.

Ó wá ku ilé tí èéfín kankan ò sí nínú rẹ̀. Ìyá Àìṣátù wọ yàrá. Ó fi ìbora dí fèrèsé nítorí ọyẹ́, ọyẹ́ ọdún yẹn sì mú. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ iná títí ó fi pọ́n, ó wá fọ́n tùràrí sí i. Ìfúnpọ̀ ìka méjì ni ó máa ń fún ọmọ ẹlòmíràn. Ti Sàláhúdéènì tó ti jìyà nínú gíláàsì, ẹ̀kúnwọ́ ni. Ó da agbọ̀n bò ó, ó sá aṣọ ọmọ, ó sá ìbora ọmọ, ó sá ọ̀já tí wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n.

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ojú rẹ̀, èéfín ni ohun tó ń ta ni lójú, tó ń sọ ògiri di dúdú. Ṣé èéfín ni ohun tó ń pe màlékà wọlé? Ohun tí wọ́n fi gba ìyàwó, tí wọ́n fi gba àlejò, tí wọ́n fi gba òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i? Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ojú tó ń wo òpin oko kì í rí ìpéǹpéjú ara rẹ̀.

Nímátù jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ bí èémí ọmọ rẹ̀ ṣe ń súfèé. Ó rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì: èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wí fún ẹni tó fún un ní òórùn àkọ́kọ́ láyé pé òórùn náà ló ń fún ọmọ òun lọ́rùn?

"Ìyá," ló wí, "ṣé ká ṣí fèrèsé díẹ̀?"

"Kí ọyẹ́ wọlé wá mú un lọ?"

"Rárá o, Ìyá. Tùràrí yìí ni mo ní…"

"Ó dùn, àbí?"

"Ó dùn, Ìyá."

Ó sọ ọ́ fún Sànúsí. Sànúsí họrí. "Kí n lọ wí fún ìyá mi pé nǹkan ọwọ́ rẹ̀ burú? Sọ fún un fúnra rẹ."

"Ìwọ lọmọ rẹ̀."

"Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ló ń bá ìyakọ sọ̀rọ̀ ọmọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn bí ẹni ti abọ́ tí kò fẹ́ fọ̀. Ọmọ ń mí bí ẹwìrì. Bí ó bá fa èémí, ẹran tó wà láàárín egungun ìhà rẹ̀ á wọlé lọ bí ìgbà tí a tẹ ìka mọ́ àmọ̀. Bí ó bá ń mu ọmú, á fi í sílẹ̀ kó lè rí àyè mí, á tún gbá a mú, á tún fi í sílẹ̀. Oúnjẹ àti èémí ń jà sí ẹnu kan ṣoṣo.

Nǹkan kan wá ń ya Ìyá Àìṣátù lẹ́nu. Tí ó bá pọn ọmọ lọ kírun alásárì ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, súfèé náà á rọlẹ̀, ọmọ á sùn. Tí wọ́n bá padà wọ yàrá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ro ó títí, ó sì rí ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá rí bó bá wà ní ipò rẹ̀.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ló wí fún Nímátù. "Ilé Ọlọ́hun dá a sí, ilé wa ni kò dá a sí. Ẹnìkan wà nínú ilé yìí tí inú rẹ̀ ò dùn sí i."

"Ta ni, Ìyá?"

"Ta ni mo lé?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo Tàíbátù. Tàíbátù fi kóṣé gbígbóná ránṣẹ́ sí abiyamọ, nítorí ó ní bí òun ń bínú, ọmú ò gbọ́dọ̀ gbẹ nítorí ìbínú òun. Ìyá Àìṣátù gba kóṣé náà, ó dúpẹ́, ó wá dà á fún adìẹ lójú àgbàlá. Tàíbátù rí i láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Àwọn tí ìjọba ò lè tú ká, ìrẹ́pọ̀ wọn wá já sórí àwo kóṣé kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀run bí elùbọ́, ìyá sọ tùràrí di ìlọ́po méjì, ó ní ohunkóhun tó bá ń bẹ nínú yàrá náà á sá. Ọmọ wúkọ́, ó tún wúkọ́, kò wá lágbára ikọ́ mọ́. Ètè rẹ̀ di aró. Nímátù figbe ta, Yaw fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó já sí títì, ó na ọwọ́ méjèèjì dá takisí dúró. Ìyá Àìṣátù ló gbé ọmọ. Láti Zongo títí dé ilé ìwòsàn, fèrèsé ọkọ̀ wà ní ṣíṣí, Nímátù sì rí i pé kí wọ́n tó dé Bantama, ètè ọmọ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Evelyn gbà á, ó ki rọ́bà bọ imú rẹ̀. Wọ́n ń wò ó. Nígbà tó yá, àyà ọmọ rọlẹ̀. Evelyn bẹ̀rẹ̀ láti tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó bá dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀, ó fa imú.

"Ta ló ń ta sánsán báyìí?"

Omijé wà lójú Ìyá Àìṣátù, síbẹ̀ ìgbéraga iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jí. "Tùràrí mi ni. Bí ara ọmọ yìí bá yá, màá bù ún fún ọ, àlùjọ̀nnú gan-an á béèrè ibi tó o ti rí i."

"Aṣọ rẹ̀ lẹ fi í sí?"

"Aṣọ rẹ̀, ìbora rẹ̀, gbogbo yàrá. Ọmọ mi, ohun tó o ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo lé Yaw. Mo lé Tàíbátù tí a jọ jẹ ìyà. Kò sí èéfín nílé wa. Ẹyin iná mi náà, ó di ìgbà tó bá pọ́n tí kò rú èéfín mọ́ kí n tó lò ó. Kí ló kù tí mi ò ṣe?"

Evelyn gbójú kúrò lára aṣọ náà. Ó wo Nímátù. Nímátù wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìhà rẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde, ó wá yé e pé bí òun ò bá sọ ọ́ níbí, ibi tí òun ti máa sọ ọ́ lẹ́yìn èyí, ojú oórì ọmọ ni yóò jẹ́. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Èéfín ni."

"Kí ni èéfín?"

"Tùràrí, Ìyá. Èéfín lòun náà. Nínú yàrá nìkan ni súfèé rẹ̀ máa ń le. Ní mọ́ṣáláṣí, kò sí i. Nínú takisí, kò sí i. Láti ìgbà tí a délé ni mo ti mọ̀, ẹnu mi ni kò gbà á."

Ìyá Àìṣátù ò pariwo. Ó fa etí gèlè rẹ̀ wá sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná.

"Mo ti ń gbé inú rẹ̀ tipẹ́," ló wí, "mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́." Ó jókòó. "Èmi ni mo wá ń lé àwọn èèyàn. Èmi ni mo ń pa á."

Evelyn fa àga súnmọ́ ọn. "Ìyá, ẹ wo rọ́bà imú rẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, bí kì í bá ṣe afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo fi í sí i nímú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà le fún ẹ̀dọ̀fóró tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń gbà á là, bẹ́ẹ̀ ló ń ha á nínú. Gbogbo wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ̀, níbikíbi láyé. A ò lè má fún un, nítorí kò ní yè. Ohun tí a lè ṣe ni ká máa wò ó, ká máa dín in kù. Ọwọ́ tó fẹ́ràn ọmọ yìí pọ̀, Ìyá. Ibi tí ọwọ́ ti yẹ kó dúró la ń wá."

"Ṣé á gbádùn?"

"Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ń dàgbà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Bó bá rí afẹ́fẹ́ tó mọ́, èyí tó dáa á máa hù sí i. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan o. Bí ọyẹ́ bá dé, àyà rẹ̀ á máa rántí. Ó lè pẹ́ rìn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ."

"Kó máa pẹ́," Ìyá Àìṣátù wí. "Ọ̀dọ̀ mi ló ń rìn bọ̀. Mi ò lọ síbì kankan."

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, tròtrò, ọkọ̀ èrò ibẹ̀, ni wọ́n wọ̀. Láti Bantama títí dé Zongo, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìyá náà jókòó sí; nígbà tí èrò kan fẹ́ tì í, ó fi ọwọ́ gbá ọwọ́ onítọ̀hún kúrò. Bí wọ́n ṣe délé, ó kó gbogbo aṣọ ọmọ jáde, ó fọ̀ wọ́n, ó tún wọn fọ̀. Ó ya ìbora kúrò lójú fèrèsé. Ó wá gbé ìkòkò tùràrí, èyí tí ìyá rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́, ó rù ú gba àgbàlá kọjá lójú gbogbo èèyàn, ó lọ sẹ́yìn ògiri.

Tàíbátù ń yí kóṣé nínú epo. Ó gbójú sókè. Ó wo ìkòkò, ó wo ẹni tó rù ú.

"Ẹ̀yin náà? Ta ló lé yín?"

"Ìyá Àìṣátù ni."

"Obìnrin yẹn le o."

"Ó le. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ lé ni kò mọ̀." Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán Tàíbátù, níbi tí àgbò ń tọ̀ sí. "Tàíbátù, kóṣé tí mo dà fún adìẹ…"

"Àwọn adìẹ náà ti sanra. Ẹ jókòó." Tàíbátù sún àpótí fún un síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. "Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, èéfín á dà bò yín, ẹ sì máa tó gbé ọmọ."

"Bù díẹ̀ fún mi. Láti Bantama ni ebi ti ń pa mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tí kò tíì rí agbọ̀n rí, kó tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyá Àìṣátù ò ta sánsán. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ń bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ara òun yá, ọmọ òun ló ń mí.

Sàláhúdéènì ò yára gbádùn. Ọyẹ́ mìíràn dé, ó tún súfèé. Wọ́n tún gbé e lọ rí Evelyn, wọ́n tún gbé e padà. Ó pẹ́ kó tó rìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n ó rìn, nígbà tó sì rìn, ẹ̀yìn ògiri ló kọ́kọ́ forí lé, níbi tí ìyá àgbà rẹ̀ àti Tàíbátù jókòó sí, tó ń lé àgbò. Ìyá Àìṣátù gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nídìí eré, ó dìde gìrì, ó dúró, ó tẹ́tí. Eré lásán ni. Ó padà jókòó.

Ó ń po tùràrí lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é síbi tí wọ́n ti bímọ, kì í gbé iná wọlé mọ́. Á di tùràrí sínú àkísà kékeré, á fún ìyá ọmọ, á ní kó fi pamọ́ di ọjọ́ tó bá máa ṣe ọ̀ṣọ́ jáde. Bí wọ́n bá sọ pé màlékà ńkọ́, á ní màlékà ò fọ́jú, yóò rí ọmọ tó ń mí.

Èmi ò sí níbẹ̀ o. Tàíbátù oníkóṣé ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́, lẹ́yìn ògiri yẹn kan náà, nígbà tí mo ya Kumasi. Ó ní ẹnu Nímátù lòun ti gbọ́ apá ti ilé ìwòsàn. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n wú ikọ́ mi tán, kí n sì sún àpótí mi síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.